Ogun Àwítẹ́lẹ̀: Ibà Apọ́njú, Aláboyún àti Ohun Tí Ọdún 1987 Kọ́ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ kò lè sáré, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí ìró ìbọn ṣì wà lókèèrè. Bí mo bá ń ronú sí ọ̀rọ̀ aláboyún àti àìsàn, òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tó gbé ọmọ sínú kò lè sá fún àrùn bí ẹni tó dá ara rẹ̀ nìkan rìn. Ohun tí yóò gbà á là gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ogun tó wọ̀lú.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, ní ọdún 1987. Ogun náà kò dé bá wa lójijì. Láti ọdún tó ṣáájú ló ti ń pariwo lọ́nà kó tó dé, a kò sì dìde.

Ní ọdún 1986, ibà kan bẹ́ sílẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ní agbègbè Ogoja àti ní ìpínlẹ̀ Benue. Orí a fọ́ ènìyàn, ẹ̀yìn a ro ó, èébì a gbé e. Nígbà tó bá yá, ẹyinjú rẹ̀ a pọ́n, ẹ̀jẹ̀ a máa yọ ní ìdí eyín rẹ̀, èébì rẹ̀ a sì dúdú. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Oju ní Benue nìkan, àwọn oníṣègùn tó lọ ṣe ìwádìí ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ojú wọn pọ́n tó bí 9,800, àwọn tó sì kú nínú wọn tó bí 5,600. Yẹ́lò fífà ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn dókítà. Àwa ń pè é ní ibà apọ́njú, àwọn mìíràn a ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nítorí ojú ló ń pọ́n, ìtọ̀ ló ń pọ́n. Orúkọ kan náà la sì fi ń pe àìsàn ẹ̀dọ̀ mìíràn tó ń sọ ojú di pípọ́n. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, tí wọ́n á rò pé èyí tí àwọn ti rí rí náà ló tún dé.

Ní Benue àti Ogoja, inú igbó ni àrùn náà ti jáde. Ara ọ̀bọ ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbé, ẹ̀fọn inú igbó sì ń gbé e fún ẹni tó bá lọ sóko. Àwa tó wà níhìn-ín gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò, a káàánú wọn, a sì ń bá iṣẹ́ wa lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 1987, hùrùhẹrẹ náà dé ilẹ̀ wa. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, ibà apọ́njú jà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì ta dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ọdún 1991 ni wọ́n tó yà á sọ́tọ̀. Àwọn tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé wọ́n ṣàìsàn jẹ́ 805. Àwọn tó kú nínú wọn jẹ́ 416, ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Ṣùgbọ́n Abdulsalami Nasidi, ẹni tó wá di olórí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí, padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú wò. Ìṣirò wọn fi hàn pé àwọn tí fáírọ́ọ̀sì náà wọ̀ lára lé ní 100,000. Àwọn tí wọn kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pọ̀ fíìfíì ju àwọn tí wọ́n kọ lọ.

Báwo ni àrùn inú igbó ṣe di àrùn àárín ìlú? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sídìí ìkòkò omi kan.

Ẹ fi ọkàn yàwòrán agboolé kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ. Omi ẹ̀rọ kì í yọ lójoojúmọ́, kànga ti ń gbẹ, nítorí náà gbogbo ohun tó lè gba omi ni wọ́n ti pọn omi sí: àmù, ìkòkò, dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí. Ẹ ṣí ọmọrí àmù tó wà ní igun ilé. Ẹ tẹjú mọ́ omi rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí àwọn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jù wìrìwìrì, tí wọ́n ń gòkè wá mí, tí wọ́n tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ìka kan ara àmù náà lẹ́ẹ̀kan. Kíá, gbogbo wọn á rì lọ sísàlẹ̀. Tanwíjí nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, wọ́n á ti hu ìyẹ́, wọ́n á sì ti fò jáde.

Ẹ̀fọn tó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe èyí tó ń kùn sí wa létí lóru. Ti ọ̀sán ni. Ó dúdú, àmì funfun sì wà tótòtó lára ẹsẹ̀ rẹ̀ bí aṣọ ẹtù. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jẹun jù, nígbà tí obìnrin bá jókòó sídìí àdògán tó ń dáná, tàbí tó ń ṣa ẹ̀wà lójú àgbàlá. Nẹ́ẹ̀tì tí a ń ta sórí bẹ́ẹ̀dì lóru kò lè dá irú ẹ̀fọn yìí dúró. Bí ó bá jẹ ẹnì kan tí ibà apọ́njú wà lára rẹ̀, tí ọjọ́ mélòó kan kọjá, ẹni kejì tó bá jẹ ló máa gbà á. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé, nígbà tí wọ́n gbé irú ẹ̀fọn náà láti agbègbè tí àrùn ti jà lọ sí yàrá ìwádìí, wọ́n rí i pé kò mọ fáírọ́ọ̀sì náà í gbé dáadáa. Ọ̀tá tí kò lágbára ni. Pípọ̀ tó pọ̀ ló fi borí wa, inú ìkòkò wa ló sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá fi aláboyún sínú agboolé yẹn. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ìrìn àìsàn náà ni mò ń sọ, bó ṣe ń rìn lára ẹnikẹ́ni tó bá mú.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ibà dé. Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ń ro ó, oúnjẹ kò wù ú, ó ń bì. Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó, ó ní, “Ìyàwó mi, má fòyà, àárẹ̀ oyún ni.” Ta ló lè bá màmá jiyàn? Aláboyún wo ni kì í bì? Aláboyún wo ni ẹ̀yìn kì í ro? Gbogbo aṣọ tí àrùn náà wọ̀ wá, aṣọ oyún ni. Wọ́n se agbo fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó dìde, ó wẹ̀, ó jẹ àmàlà. Inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ní agbo ti ṣiṣẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibẹ̀ náà ni àìsàn ọ̀hún ń parí sí. Ṣùgbọ́n nínú 100 tó bá ṣe, bí 15 wà tí ibà náà máa ń padà wá bá kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, tí yóò sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà yìí ni ojú máa ń pọ́n, tí inú máa ń ro, tí ìtọ̀ máa ń dúdú, tí ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ ní imú, lẹ́nu àti nínú èébì. Ẹ̀dọ̀ ti bà jẹ́, kíndìnrín ń dákẹ́ lọ. Ìdajì àwọn tó bá dé ipò yìí ni kì í ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó kú. Ọmọ inú náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní Brazil ní ọdún 2009, obìnrin kan ṣe irú ibà yìí nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó bímọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ibà ní ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì láyé.

Ó lè ṣe yín bíi kẹ́ ẹ bi mí pé ṣé kò sí ilé ìwòsàn ni. Ó wà. Ilé ìwòsàn àwọn Baptist ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti di ti Yunifásítì Bowen lónìí, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1907. Ṣùgbọ́n títí di òní yìí, kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì ibà apọ́njú lára ènìyàn, ì báà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí dókítà lè ṣe ni pé kó fa omi sí aláìsàn lára, kó fún un ní ẹ̀jẹ̀, kó máa ṣọ́ kíndìnrín rẹ̀, kó sì rí i pé kò lo aspirin tàbí ibuprofen, nítorí wọ́n lè dá kún ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tó tètè dé ló ń rí i gbà.

Apata tó dájú kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, apata náà sì ti wà tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1927, àwọn oníwádìí tí ibùdó wọn wà ní Yábàá ní Èkó gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí. Asibi ṣe ibà apọ́njú, ó sì yè é. Ọ̀kan nínú àwọn oníwádìí náà, Adrian Stokes, kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú sí Èkó lọ́dún náà gan-an. Láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ tó jáde ní ọdún 1937, tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe apata tí gbogbo ayé ń lò. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ náà jáde, ibà náà dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò bá apata lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa. Abẹ́rẹ́ náà kò sí lára àwọn tí à ń fún ọmọdé déédéé nígbà náà. Ìgbà tí àrùn bá dé ni wọ́n ń gbé e wá. Àìtètè mólè, olè wá ń mólóko.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ aláboyún ti wá le. Fáírọ́ọ̀sì inú abẹ́rẹ́ náà wà láàyè, wọ́n kàn sọ agbára rẹ̀ di ẹ̀rọ̀ ni. Nítorí náà, àwọn dókítà kì í fẹ́ fún aláboyún bí kò bá sí ìdí tó lágbára. Bí àrùn bá sì ti ń jà nílùú, ewu àrùn ju ewu abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ rò ó wò: obìnrin tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ dúró lórí ìlà abẹ́rẹ́, kò mọ̀ bóyá kí òun na apá tàbí kí òun padà sílé.

Àwọn kan na apá. Nígbà ogun 1986, àwọn aláboyún 101 gba abẹ́rẹ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ni oyún wọn ti wọ oṣù méje lọ sókè. Nasidi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn àti àwọn ọmọ wọn fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 1993. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mú inú ẹni dùn: wọn kò rí ìpalára kankan tí abẹ́rẹ́ náà ṣe fún àwọn ọmọ. Èkejì ni ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbàgbé. Nínú 100 ènìyàn tí kò lóyún, ó lé ní 81 tí ara wọn mú abẹ́rẹ́ náà lò tó sì di apata. Nínú 100 aláboyún, wọn kò pé 39. Òótọ́ ni pé ní Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti gba abẹ́rẹ́ náà nígbà tí oyún wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó, ara gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló gbà á. Ìyẹn fi hàn pé bí oyún bá ṣe ń dàgbà sí i ni ọwọ́ àjẹsára ṣe lè máa rọ̀ sí i.

Kí ló fà á? Ara obìnrin tó lóyún ti dín ìbínú rẹ̀ kù, kó má baà lé ọmọ tó jẹ́ àlejò inú rẹ̀ jáde. Àánú Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n àyè tí ọmọ rí ni fáírọ́ọ̀sì náà ń rí. Ìdí nìyẹn tí àìsàn fáírọ́ọ̀sì mìíràn náà fi ń le lára aláboyún ju lára ẹlòmíràn lọ. Ẹ wo ibà Lásà, tí eku ń gbé wá sínú gàrí àti oúnjẹ tí a kò bò. Ní ilé ìwòsàn Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, láàárín 2009 sí 2018, wọ́n tọ́jú aláboyún 30 tó ní ibà Lásà. Mọ́kànlá nínú wọn kú, bẹ́ẹ̀ Irrua wà lára ibi tí wọ́n ti mọ ìtọ́jú rẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Ibà Lásà kò tíì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti wọlé fún gbogbo ènìyàn. Ibà apọ́njú ní. Bí ẹni tí kò ní apata bá ṣubú lójú ogun, a ó sunkún rẹ̀. Ẹni tí apata rẹ̀ wà nílé tí kò gbé e dání ńkọ́?

Ẹ má rò pé ìtàn àtijọ́ lèyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n rí ibà apọ́njú lára ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara. Kwara ni ará ilé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjà kan náà ni à ń ná, ọkọ̀ kan náà ni à ń wọ̀. Láti ọdún náà, àrùn ọ̀hún tún ń yọjú káàkiri Nàìjíríà, ìjọba sì ti gbé abẹ́rẹ́ lọ bá àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ọjọ́ orí. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà tó fi abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú kún àwọn tí ọmọ ń gbà ní oṣù mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà ti tó ilé ọkọ lónìí. Ọ̀pọ̀ wọn ti pọn ọmọ sẹ́yìn. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá gba abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n ń fún gbogbo ìlú, bó ṣe wà ní 1987 ló ṣì wà. Àwọn mìíràn ní káàdì lọ́wọ́ ṣùgbọ́n wọn kò ní abẹ́rẹ́ lára, nítorí owó ni wọ́n fi ra káàdì nígbà tí wọ́n fẹ́ rìnrìn àjò. Ní ọdún 2012, orílẹ̀-èdè South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà nítorí ọ̀rọ̀ káàdì yìí. Ẹ̀fọn kì í ka káàdì.

Ẹ̀kọ́ tí 1987 fi sílẹ̀ fún wa kò ṣòro. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Àjọ ìlera àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 2013. Kí obìnrin gbà á kó tó lóyún, kó sì jẹ́ kí oṣù kan kọjá kó tó wá ọmọ. Bí oyún bá ti wà, tàbí tí ọmọ bá ṣì kéré lọ́mú, kó sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún un, kí dókítà lè wọn ewu méjèèjì wò. Kí á bo omi wa. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí á da omi tó ti pẹ́ nù, kí á sì fi kànìnkànìn àti iyanrìn ha inú ìkòkò, nítorí ara ìkòkò lókè omi ni ẹ̀fọn yìí ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Ẹyin náà lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ kó má kú. Ọjọ́ tí a bá tún pọnmi kún un ni yóò pa. Bí ara aláboyún bá gbóná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé oyún ni títí tí wọ́n á fi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ibà bá sì lọ, tí ojú wá ń pọ́n, ilé ìwòsàn ní kíákíá. Kí wọ́n má ṣe dúró de agbo.

Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, ó máa ń sun ẹkún ìyàwó níwájú ìyá àti bàbá rẹ̀, kí wọ́n lè súre fún un. Wọ́n á ní yóò fi ọ̀tún bí akọ, yóò fi òsì bí abo, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ìyá, bàbá, ẹ má dá ìre náà dúró, nítorí ó dára. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ẹkún náà tó pé, nígbà tí ẹ ṣì ń ka aṣọ àti abọ́ tó máa gbé lọ, ẹ bi í léèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé o ti gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú?” Bí ó bá ní òun kò mọ̀, ẹ mú un lọ́wọ́ dání, kẹ́ ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn kó tó gbéra.